Orúkọ Tí Mo Pa Rẹ́ Nínú Kọ̀ǹpútà

Kí n tó sọ bí mo ṣe fi ọwọ́ ara mi ba kọ̀ǹpútà mi jẹ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe máa ń fi í fọ́nnu. Gbogbo àwọn tí mo mọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà n'Ìbàdàn, láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba, Windows ni wọ́n ń lò. Èmi nìkan ni mò ń lo Linux, ètò mìíràn tí kọ̀ǹpútà lè fi ṣiṣẹ́ dípò Windows. Ìdí rẹ̀ kò ju pé fíláàṣì àwọn oníbàárà ti kó fáírọ́ọ̀sì bá mi títí tí ẹ̀rọ mi fi ń ṣí ara rẹ̀, tó ń pa ara rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí léèrè nígbà náà, ẹ ò ní gbọ́ ti fáírọ́ọ̀sì lẹ́nu mi. Màá ní ẹ̀rọ àwọn tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni. Màá fẹ̀yìn ti àga, màá máa tẹ lẹ́tà funfun sórí ojú dúdú, àwọn oníbàárà á sì máa wò mí bí ẹni tó ń bá àǹjọ̀nnú sọ̀rọ̀. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀.

Bẹyẹrúnkà nílé wa wà, yàrá iwájú ilé ni mo fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ mi ni kí n gba ohùn wáàsí sílẹ̀, kí n tún un ṣe, kí n sì dà á sórí mẹ́mọ́rì káàdì fún àwọn tó ń gbọ́ ọ nínú mọ́tò àti lẹ́nu iṣẹ́. Wáàsí tó ń tà jù lọ́dọ̀ mi ni ti àbúrò bàbá mi, tí gbogbo agboolé ń pè ní Bàbá Ààfáà. Ẹ má rò pé torí pé ẹbí mi ni ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà lẹ́nu. Bó bá ń sọ̀rọ̀ iná ọ̀run, àwọn ọlọ́kadà tó ń sáré lọ sí Ìdí Arẹrẹ á rọra, wọ́n á máa rìn bí ọmọlúwàbí títí wọ́n fi máa kọjá ẹ̀rọ gbohùngbohùn wa.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí wáàsí tó bẹ̀rẹ̀, èmi nìkan ló ń gbọ́ ọ. Mo máa ń ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ ṣáájú, kí n lè mọ̀ bóyá wáyà ń gba ohùn, gbogbo ìsọkúsọ Bàbá Ààfáà á sì wọ inú rẹ̀. Á wúkọ́. Á bú télọ̀ tó rán ọrùn jalabíà rẹ̀ tó há. Á bi mí bóyá ajá ló jẹ wáyà mi. Á yọjú lójú fèrèsé mọ́sálásí, tó dojú kọ ilé wa gan-an, á ké pe ìyàwó rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì bẹ̀rẹ̀ asọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Lẹ́yìn náà ni á wá tún ọ̀fun ṣe, á ní "Aúsù bílláhì," ohùn rẹ̀ á sì yí padà pátápátá, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń bú télọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ìyẹn ni mo máa ń gé kúrò kí n tó tà á. Mi ò jù ú nù o. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, bí inú mi bá bàjẹ́, màá gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀, màá sì rẹ́rìn-ín.

Bàbá Ààfáà kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, láìṣàìsàn. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé búùtà àlùwàlá wá, kí wọ́n tó gbé e dé, ó ti lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin ín. Àdúà fídáù ọjọ́ kẹjọ ló kù tí gbogbo ilé ń múra sí.

Ìyàwó rẹ̀ wà nínú yàrá, ó ń ṣe opó. Ó yẹ kí ẹ mọ obìnrin yìí. Nígbà tí wọ́n gbé e wọ ilé wa, mo ṣì ń sáré káàkiri láìwọ ṣòkòtò. Nílé wa, bó ṣe rí ní agboolé Ìbàdàn gbogbo, ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Kódà kó jẹ́ ọmọ ọwọ́, ọkọ rẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló máa wá orúkọ tí á máa fi pè é. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìbàdíàrán. Nígbà tó wá kàn mí, ó rí i tí mò ń fi èédú ba ògiri jẹ́, ó ní Akọ̀wé ni mí. Títí dòní, kò tíì fi ẹnu rẹ̀ pe orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Èmi náà, bó tilẹ̀ tó bí mi lọ́mọ, "ìyàwó wa" ni mò ń pè é, mo sì ń dọ̀bálẹ̀ kí i.

Mo lọ bá a pé mo ti yan wáàsí kan tó dáa, tó dá lórí sùúrù, tí a ó fi sí i níbi fídáù.

"Akọ̀wé," ó ní, "wáàsí yẹn, gbogbo Ìbàdàn ló ni ín. Kí wọ́n máa gbọ́ ọ lọ. Èyí tó ti ń bá mi jà láti ojú fèrèsé yẹn ni mo fẹ́. Ṣé ó wà lọ́wọ́ ẹ?"

Mo ní ó wà.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, ìyàwó wa."

"Ṣé ó tún wà lọ́wọ́ ẹlòmíì?"

Mo ní rárá o, ọ̀dọ̀ mi nìkan ló wà, nínú kọ̀ǹpútà mi. Mo tiẹ̀ sọ ọ́ bí ẹni tó ń yangàn. Ta ló ń kó ohun tí kò ní èkejì sójú kan ṣoṣo, bí kò ṣe aṣiwèrè? Ó ní tí àwọn èrò fídáù bá ti tú ká, kí n wá gbé e sí i fún òun nínú yàrá. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi ìborùn nù ún kíá, ó sì wò mí bí ẹni pé èmi ni mo da omi sí i lójú. Mo ṣèlérí fún un.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú fídáù, gbogbo agboolé dìde sí ìmọ́tótó. Ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí tí àlejò bá ń bọ̀: ohun tí ẹnikẹ́ni kò wò láti ọdún gbọọrọ á ṣàdédé di ohun ìtìjú. Wọ́n kó àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pé jáde. Wọ́n gbé àmù tó ti sán. Wọ́n gbé tẹlifísàn tí kò ní ìfun kankan nínú mọ́, tí ẹni tó ni ín ṣì ń bá wọn jà pé òun máa tún un ṣe. Ìyá kan sì wà lẹ́yìnkùlé tó ń pariwo láìsinmi pé, "Ohun tí kò bá ti wúlò, ẹ kó o dànù! Ẹ kó o dànù!" Ariwo yẹn ni mo gbé sórí wọ ṣọ́ọ̀bù mi.

Mo jókòó láti kó gbogbo asọ̀ Bàbá Ààfáà jọ sójú kan. Ẹ̀rọ ní rárá, ààyè ti tán. Ẹ gbọ́ o, ààyè ì bá yọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ká ní mo pa àwọn ìdíje bọ́ọ̀lù tí mo kó síbẹ̀ rẹ́, àwọn èyí tí mo ti mọ ẹni tó borí nínú wọn, àti àwọn fíìmù tí mo ti wò tán tí mo tún fẹ́ wò. Ọwọ́ mi kò gbé e. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo lọ wọ yàrá tí ẹ̀rọ náà kó ẹrù tirẹ̀ sí, ibi tí kò yẹ kí irú mi máa rìn gbéregbère dé. Àṣẹ ọ̀gá pátápátá ni mo sì fi wọ ibẹ̀, àṣẹ tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ń lò ó, ẹ̀rọ kì í bi í pé ṣé ó dá a lójú.

Níbẹ̀ ni mo ti rí àwọn méjì kan tí orúkọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ọ̀kan wúwo dáadáa. Èkejì, libc.so.6 lorúkọ rẹ̀, kò wúwo rárá. Ọfà kékeré kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí èyí tó wúwo. Mo wò ó lọ, mo wò ó bọ̀. Kò ní ẹran, kò ní egungun, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa nàka sí ẹlòmíràn. Mo ní, "Ìwọ gan-an lọ̀lẹ tí mò ń wá." Ìyá ẹ̀yìnkùlé tún figbe ta pé ká kó o dànù. Mo pa á rẹ́.

Ẹ ò rí i pé orí mi ti dàrú? Ohun tí kò gba ààyè kankan ni mo pa kí ààyè lè yọ!

Mo tẹ àṣẹ pé kí ẹ̀rọ fi ohun tó kù hàn mí. Ó ní òun ò rí libc.so.6. Mo ní kó bá mi ṣe ẹ̀dà fáìlì kan. Òun ò rí libc.so.6. Mo ní ó dáa, kó kàn sọ aago tó lù fún mi. Kò rí libc.so.6. Háà! Aago lásán! Mo ní kó kúkú kú, kó tún jí. Ẹ má wulẹ̀ béèrè ohun tó fi dá mi lóhùn. Òógùn bò mí, bẹ́ẹ̀ fáànù ń fẹ́ lórí mi.

Mo kà á lẹ́yìn náà pé ọ̀ràn náà kò tíì kọjá àtúnṣe nígbà yẹn. Irinṣẹ́ kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí wọ́n ń pè ní sln, tí kì í yá nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ó dá mi lójú pé torí àwọn òmùgọ̀ bíi tèmi ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ojú dúdú yẹn ṣì wà ní ṣíṣí, tí àṣẹ ọ̀gá ṣì wà lọ́wọ́ mi, ìlà kan péré ni ǹ bá kọ, ohun tí mo pa rẹ́ ì bá sì padà. Kí ni mo fi àsìkò náà ṣe? Èébú ni mò ń bú ẹ̀rọ. Mo bú u, mo bú ẹni tó ṣe é, mo bú ẹni tó kọ́kọ́ júwe rẹ̀ fún mi. Ibi tí mo ti ń bú u lọ́wọ́ ni wọ́n ti mú iná lọ. Bátìrì tó yẹ kó gbé ẹ̀rọ náà dúró ti kú tipẹ́tipẹ́, ẹsẹ̀ ni mò ń gbé lé e.

Nígbà tí iná dé, ẹ̀rọ kọ̀, kò dìde. Ó kọ "kernel panic" gàdàgbà sójú, ìyẹn ni pé jìnnìjìnnì ti bá òun, ó sì dúró síbẹ̀. Jìnnìjìnnì bá èmi náà.

Mo gbé e sórí ọ̀kadà, ó di Ògùnpa, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Fọ́ọ̀mátì ni," ó ní.

"Fọ́ọ̀mátì báwo?"

"Ká nu gbogbo inú ẹ̀ mọ́, ká fi Windows sí i. Mo ti ń sọ fún ẹ láti ọjọ́ yìí, o ò gbọ́. Linux, Linux! Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

"Ohùn òkú wà nínú ẹ̀."

Ó gbójú sókè. "Ohùn ta ni?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ó ṣe é láàánú, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní Bàbá Ààfáà, èèyàn dáadáa, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ó ń ṣàdúà lọ, ó sì ń ki fíláàṣì tirẹ̀ bọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ mi lọ, torí iṣẹ́ tó ti mọ́ ọwọ́ rẹ̀ lára ni. Ojú ẹ̀rọ yí padà. Ó bi í bóyá kí òun pa gbogbo ohun tó wà nínú òun rẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ṣe àmín sí àdúà ara rẹ̀, ó sì na ìka. Mi ò mọ ìgbà tí mo fò dìde. Mo fa wáyà yọ lára ògiri. Fáànù rẹ̀ kú, rédíò rẹ̀ kú, ẹ̀rọ oníbàárà mìíràn tó ń tún ṣe lọ́wọ́ náà kú.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?" ó pariwo.

"Kò pé! Bó bá pé, kí ni mo wá ṣe níbí?"

Mo gbé ẹrù mi, mo jáde. Inú ń bí mi sí i, inú sì ń bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò tiẹ̀ dúró pe ọ̀kadà. Mo gbé kọ̀ǹpútà rù, mo gba Òkè Padre lọ sílé, àwọn èèyàn ń kí mi pé ẹ kú ẹrù o, mo sì ń jẹ́ wọn lóhùn bí ẹni tó fẹ́ jà. Ohun kan ṣoṣo ló ń yí lórí mi: ìka ọ̀rẹ́ mi yẹn. Ká ní mo ṣẹ́jú, obìnrin yẹn kò ní gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ mọ́ láé, àfi tó bá ń ṣe wáàsí fún gbogbo ayé.

Mo fẹ́ yọ́ wọlé kí ìyàwó wa má rí mi. Ibo! Fèrèsé yàrá rẹ̀ ló kọjú sí ọ̀nà.

"Akọ̀wé! Kí lo rù yẹn?"

Irọ́ ti tò sẹ́nu mi. Ojú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n pa á. Mo sọ kọ̀ǹpútà kalẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, mo sì sọ òótọ́ fún un, pé mo ti pa nǹkan kan nínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kò sì dìde mọ́, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ni asọ̀ Bàbá Ààfáà wà. Ni mo bá bú sẹ́kún. Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí.

"Kí lo pa?" ó ní.

Báwo ni èèyàn ṣe ń ṣàlàyé libc.so.6 fún opó? Mo gbìyànjú. Mo ní àpò irinṣẹ́ ńlá kan ló wà nínú ẹ̀rọ, gbogbo iṣẹ́ tí ẹ̀rọ bá fẹ́ ṣe, inú àpò yẹn ló ti ń mú irinṣẹ́. Mi ò fọwọ́ kan àpò. Ṣùgbọ́n àpò náà ní orúkọ kan tí gbogbo ilé fi ń pè é, tí kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Orúkọ yẹn ni mo pa rẹ́.

"Bí ẹ ṣe ń pè mí ní Akọ̀wé yìí gan-an ni," mo ní. "Ká ní wọ́n gba Akọ̀wé kúrò lẹ́nu yín, tó sì jẹ́ pé ẹ ò gbọdọ̀ pe èyí tí bàbá mi sọ mí. Ẹ̀yin á wà níbẹ̀, èmi á wà níbí, ẹ ò sì ní lè rán mi níṣẹ́."

"Ẹni tó lorúkọ ńkọ́? Ṣé ó kú ni?"

"Kò kú."

"Gbogbo ara ẹ̀ pé?"

"Ó pé, ìyàwó wa."

"Ṣé wọ́n lé e kúrò nílé?"

"Ó wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀."

"Kí lo wá ń sunkún sí? Dá orúkọ padà fún un. Èmi tí tèmi ti lọ tán kò ké tó ìwọ. Bí a bá tiẹ̀ ń sunkún, a máa ń ríran. Gbé ẹrù ẹ kúrò níbẹ̀, o ti bo fèrèsé mi."

Mo gbé e. Ẹ̀rín ń pa mí, ojú sì ń tì mí. Òtítọ́ ni mo sọ fún un, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo là á yé e ni ó tó yé èmi fúnra mi. Àbí kí ló gbé mi dé Ògùnpa? Ohun tó ṣòro níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀rọ náà tó lè dá orúkọ yẹn padà, torí irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ orúkọ, inú àpò tí wọn ò lè pè mọ́ yẹn ló wà, ẹ̀rọ tí kò dìde kò sì lè lo sln. Àfi ká wá ẹni láti ìta.

Fíláàṣì tí mo fi gbé Linux wọ ẹ̀rọ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ mi, láàárín bíírò tó ti gbẹ. Linux odindi ló wà lórí rẹ̀, tó lè dìde láìfọwọ́ kan ohunkóhun nínú ilé onílé. Mo ki í bọ̀ ọ́, mo tan ẹ̀rọ. Ó bi mí bóyá kó wá máa gbé níbí pátápátá ni, àbí kó kàn yà wò mí. Mo ní kó kàn yà o, kó jọ̀ọ́. Ó dìde wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ní kó ṣílẹ̀kùn ilé àtijọ́ fún mi, ó ṣí i. Mo wọlé, ohun tí mo sì kọ́kọ́ wá lọ ni fódà Bàbá Ààfáà. Ó wà níbẹ̀. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn, mo da gbogbo rẹ̀ sórí mẹ́mọ́rì káàdì, mo tún dà á sórí òmíràn, mo ki ọ̀kan sápò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìn mí. Lẹ́yìn náà mo wá kọ ìlà kan yẹn, pé libc.so.6 ni kí wọ́n tún máa pe àpò náà. Mo kọ ọ́, mo kà á, mo tún un kà, mo ní "Bísímílà," mo tẹ̀ ẹ́. Mo yọ fíláàṣì, mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn. Ó dìde. Mo ní kó sọ aago tó lù fún mi. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé kò sí ìjà láàárín wa rí. Mo ké "Alihamudulilahi!" débi pé ìyá ẹ̀yìnkùlé dáhùn pé kí ló tún dé. Bọ́ọ̀lù àti fíìmù yẹn, mo pa gbogbo wọn rẹ́ kí ọwọ́ mi tó tún fà sẹ́yìn.

Fídáù lọ bó ṣe yẹ. A fi wáàsí sùúrù sí i, àwọn èèyàn ń mirí, bàbá kan tiẹ̀ bi mí bóyá mo ní èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n tú ká, mo gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré lọ sí yàrá ìyàwó wa. Ó jókòó lórí ẹní pẹ̀lú aṣọ opó lára. Mo gbé ẹ̀rọ síwájú rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, mo sún lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ jáde. Ìyàwó wa mirí. "Mo ní kó lo oyin sí ikọ́ yẹn," ó ní. Lẹ́yìn náà ni èébú télọ̀. "Télọ̀ kò ṣẹ̀ ẹ́ o, òun ló sanra." Ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Ààfáà bú wáyà mi, ó bú èmi náà mọ́ ọn. Nígbà tí a máa tún gbóhùn rẹ̀, ó ti dojú kọ fèrèsé:

"Ìwọ obìnrin yìí! Omi gbígbóná mi dà? Àbí ọ̀fun gbígbẹ lo fẹ́ kí n fi bá àwọn èèyàn yìí sọ̀rọ̀?"

"Mò ń gbé e bọ̀ o!" ni ìyàwó wa dáhùn.

Ó ti dìde. Ó ti so ìró mọ́dìí, ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn níbi tí mo dúró sí, ó sì ti nawọ́ pé kí n yà fún òun. Mo yà. Ibẹ̀ ló dúró sí. Ó wo mọ́sálásí lódìkejì, ó sì wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo fẹ́ lọ pa ẹ̀rọ, ó di ọwọ́ mi mú.

Bàbá Ààfáà tún pè é. Ó tún dá a lóhùn.